Òbí Ẹni Nínú Ìwé Owó Orí

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a kò pa òwe yìí fún nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù láàrin wa tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àpò ara rẹ̀. Kí oṣù tó pé ni owó oògùn bàbá àti owó oúnjẹ ìyá ti ní àyè tiwọn nínú owó tí a kò tíì gbà. A kò ka èyí sí ìyà, ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa yìí lóṣooṣù: nígbà tí ìjọba bá ń ṣírò owó tí ń wọlé fún ẹni kí ó tó bu owó orí lé e, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó ṣe bí ẹni pé ẹni náà kò ní bàbá, kò sì ní ìyá?

Òfin ilẹ̀ wa kò fi ìgbà gbogbo ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin owó orí Nàìjíríà ti ọdún 1993, àyè wà fún ẹni tí ń bọ́ ìbátan rẹ̀ tí ogbó tàbí àìlera kò jẹ́ kí ó lè bọ́ ara rẹ̀, tàbí tí ń bọ́ ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ opó. Ẹni méjì ni a lè kọ orúkọ wọn, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Iye tí a ń yọ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún wá di 2,000 náírà, kò sì kọjá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní àkókò tí ìdá owó orí tí ó ga jù lọ jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kò lè jèrè ju 500 náírà lọ nínú ọdún kan gbáko. Owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti kéré tó, orúkọ ìyá wà nínú ìwé.

Ní ọdún 2011 ni a tún òfin náà ṣe, tí a sì fi ẹ̀dín kan náà fún gbogbo ènìyàn: ó kéré tán, 200,000 náírà, pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún un. Ẹni tí ń bọ́ òbí méjì àti ẹni tí kò bọ́ ẹnikẹ́ni jọ gba ọ̀kan náà. Nísinsìnyí, òfin tuntun ti ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2026. Òfin náà ní àánú díẹ̀ nínú: kò gba owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́, ó sì fún ẹni tí ń gbé ilé onílé ní ẹ̀dín ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ. A yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ohun tí a lè yọ sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò rí òbí níbẹ̀. Òfin ka owó tí a san fún onílé. Kò ka owó tí a ná lórí ẹni tí ó bí wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń san owó orí níbẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ lè kọ òbí rẹ̀ sínú ìwé owó orí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òun ń bọ́, bí wọn kò tilẹ̀ jọ gbé ilé kan náà. Òfin béèrè pé kí ọmọ náà gbé ju ìdajì ìnáwó òbí náà lọ nínú ọdún, àti pé kí owó tí ń wọlé fún òbí fúnra rẹ̀, èyí tí owó orí kàn, má tó iye kan. Ní ọdún 2025, 5,200 dọ́là ni iye náà. Oúnjẹ, aṣọ àti oògùn ni a ń kà mọ́ ìnáwó yìí. Bí òbí bá sì ń gbé iyàrá kan lọ́dọ̀ ọmọ, a ó dá iye tí à bá fi háyà irú iyàrá bẹ́ẹ̀, a ó sì kà á mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá yege yóò rí 500 dọ́là dín kúrò nínú owó orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ààlà. Òbí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí olùgbé ibẹ̀ lójú òfin, tàbí kí ó máa gbé ní Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣooṣù, kò jẹ́ yẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó wá kí wa, ó ní, “Ọ̀gá wa, ṣé nítorí pé Ìjẹ̀bú ni ìyá mi ń gbé ni kò fi jẹ́ ìyá mọ́?” A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a rò ó jinlẹ̀, a rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ṣe òfin fún àwọn tí ń gbé ilẹ̀ wọn, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, olùkọ́ ni ní Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀, òun ni í gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni í ra iṣu sílé. Òun náà ń san owó orí, kò sì sí ibi tí yóò kọ orúkọ ìyá náà sí. Ìyá kan, ọmọ méjì, ìjọba méjì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rí i.

A gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Opó kan láti inú ìjọ wa lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Àkọ́bí fún un ní iyàrá, èkejì ń ra oògùn, ẹ̀kẹta ń bọ́ ọ. Ní ọdún kan, àkọ́bí kọ orúkọ ìyá sínú ìwé tirẹ̀. Èkejì náà kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Ẹnì kan kò lè jẹ́ ẹni tí ènìyàn méjì ń bọ́ nínú ọdún kan lójú òfin ibẹ̀, nítorí náà a dá ìwé ẹnì kejì padà fún un. Ìjà dé. Ìyá náà ni ó pè wá lórí fóònù pé, “Àlùfáà, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: ṣé mo ti kú ni, tí wọ́n fi ń pín mi?”

Ohun tí ó dùn wá ni pé òfin ibẹ̀ ti pèsè fún irú ọ̀ràn yìí. Bí àwọn ọmọ bá jọ gbé ju ìdajì ìnáwó òbí lọ, tí kò sì sí ẹnì kan tí ó dá gbé ju ìdajì, wọn lè fi ohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnì kan nínú àwọn tí ó gbé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kọ orúkọ òbí lọ́dún náà. Àwọn yòókù tí ìpín tiwọn náà ju ìdá yẹn lọ yóò fọwọ́ sí i pé àwọn yọ̀ǹda. Form 2120 ni wọ́n ń pe ìwé rẹ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, ó lè kan ẹlòmíràn. Kí ni èyí bí kò ṣe ìpàdé ẹbí tí àwọn baba wa ń ṣe lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀? Àwọn àjèjì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa tí a ni ín gbàgbé láti ṣe é.

Àwọn kan yóò sọ pé, ta ni kò ní òbí tí ó ń bọ́ ní ilẹ̀ yìí, àti pé àpò ìjọba yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún gbogbo àgbà Nàìjíríà; àgbẹ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ ìjọba rí, ọmọ rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ìjọba ru ẹrù, ó yẹ kí ìjọba mọ̀ pé ó rù ú. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn onírọ́ yóò kọ orúkọ òbí tí wọn kò bọ́ rí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi sọ pé kí a má ṣe é láìsí ẹ̀rí.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí a dá àyè òbí padà sínú òfin, fún òbí tí ogbó tàbí àìlera ti mú. Kí iye rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ohun tí a ná ní tòótọ́, kí ó sì ní òpin, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún owó ilé. Kí òbí kan má ṣe wà nínú ju ìwé ọmọ kan lọ lọ́dún, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn ọmọ yòókù. Kí ìwé ẹ̀rí láti ilé ìwòsàn àti ilé ìfowópamọ́ wà níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń gba owó orí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ní Àbújá ni a ti ń ṣe òfin rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa tí àwọn aṣòfin ń wá kí nílé bá wọn sọ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín dá yín lóhùn.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jẹ́ kí a ṣe èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Kí àwọn ọmọ ìyá kan náà jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n kọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe sílẹ̀, kí èyí tí ó wà ní òkèèrè má fi owó gàn èyí tí ó wà nílé, kí èyí tí ó wà nílé má sì fi wàhálà gàn án padà. Òfin Mósè pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún òbí, kò sì dá ẹ̀dín owó orí mọ́ ọn. Bí òfin bá ka òbí wa, a ó dúpẹ́. Bí kò bá kà á, kí àwa kà á, kí ìyá kankan má ṣe béèrè nígbà tí ó wà láàyè bóyá òun ni a ń pín.