Ìsọ̀ Tí A Tì Kì í Ṣe Ìsọ̀ Tí A Kọ̀ Sílẹ̀

Pákó ni kàtàkò ń jẹ́ ní èdè Haúsá. Òun náà ni orúkọ ọjà ńlá kan ní Niamey. Bí ó ti rí níbẹ̀ ni ó rí ní ọjà tiwa: ojú burúkú ni a fi ń wo ìsọ̀ tí a tì pa. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó gba ìsọ̀ mẹ́ta, tí ó ti méjì pa títí owó yóò fi gorí wọn, ọ̀tá ọjà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgádágodo ni ti ọ̀kánjúwà. Nígbà tí ológun gba ìjọba Niger ní oṣù Keje 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀; oṣù Kẹta 2024 ni ó tó pàṣẹ pé kí a ṣí i. Oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ há sọ́nà, kí ni ìbá tà? Ní Gánà pẹ̀lú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àṣẹ oṣù Kọkànlá 1969 fún àwọn ènìyàn wa láti kó ẹrù wọn. Ṣé àwọn náà ni ó kọ ìsọ̀ wọn sílẹ̀?

Nítorí náà, kí àwọn tí Ẹgbẹ́ wa rán sí ìgbìmọ̀ ìlú dúró lórí èyí: kí a fún olówó ìsọ̀ ní ìwé ìkìlọ̀ àti oṣù mẹ́fà, kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.