Ta Ló Lé Wọn Jáde?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ni Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ẹgbẹ́ ECOWAS, tí a fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Èkó níhìn-ín ní 1975. Àwọn olóṣèlú kan ní kí wọ́n máa lọ. Ta ló lé wọn? Nígbà tí ológun gba ìjọba Niger ní 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì gé iná mànàmáná tí ó ń tà fún wọn. Ìjọba ológun burú, àwa tí a rí ti Abacha kò níí jiyàn. Ṣùgbọ́n tálákà ni òkùnkùn náà bò, kò lé ọ̀gágun kan kúrò lórí àga. ECOWAS ní kí a ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn títí di ìgbà mìíràn. Ìgbà wo? Kí Àbújá sọ ọ́ yanjú fún ọmọ Niger tí ń tajà ní Mushin.