Ẹ Gbin Aáyù Síbi Tí Ẹ Wà

Ẹ̀yin ará wa ní Turin, Padua àti agbègbè wọn, àwáwí kan ti gbó lẹ́nu wa: "A kò ní í pẹ́ padà sílé, kí ni a fẹ́ gbin nǹkan sí ìlú onílùú fún?" Ẹlòmíràn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti lo ọdún 20 níhìn-ín. Aáyù kò sì béèrè ju oṣù 8 tàbí 9 lọ.

Àwọn kan ní òtútù kì í jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn wa hù. Òótọ́ ni ní ti iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n òtútù gan-an ni aáyù ń wá. Bí òtútù kò bá mú un tó, kì í pín sí ọmọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́pọ̀ lóko Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, tí ó fi jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ ìhà Sókótó àti Kánò ni wọ́n ń gbìn ín nígbà ọyẹ́. Ohun tí ilẹ̀ Yorùbá kò lè fún wa, Ítálì ń fi lọ̀ wá, a sì ń kọ̀ ọ́!

Ẹ má ṣe fi aáyù ilé ìtajà ńlá ṣe irúgbìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì lè ti ṣe é kí ó má baà hù. Ará Padua, Rovigo kò jìnnà: ibẹ̀ ni Aglio Bianco Polesano ti ń wá, tí ó gba àmì DOP ní 2009. Ará Turin, ẹ béèrè aáyù Caraglio lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ń tajà ní Porta Palazzo.

Ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ẹ tú u sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má bó èèpo rẹ̀. Ẹ gbin èyí tí ó tóbi, ẹ fi kékeré sebẹ̀. Kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, kí ó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní 12. Bí omi bá dúró sí ilẹ̀ náà, yóò rà. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, ìkòkò jíjìn tí oòrùn ń pa tó o. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ẹ hú u, ẹ fi í síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi èyí tí ó dára jù pamọ́ fún irúgbìn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn gbìn ín, kí wọ́n sì máa pè é ní aáyù, kì í ṣe aglio nìkan. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí onílé káwọ́ gbera títí di ọjọ́ ìrelé?