Ẹ Wo Nọ́ńbà Epo, Ẹ Má Wo Orúkọ Ilé Epo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń wa Golf R tàbí Civic Type R ní Ìlú Ọba, ẹ dẹ́kun àríyànjiyàn yìí. Bí Shell V-Power bá pàdé Tesco Momentum 99 nínú táǹkì kan náà, ẹ́ńjìnnì ò ní torí rẹ̀ bàjẹ́.

Gbogbo epo bẹtiróòlù tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá ìlànà BS EN 228 mu. Kẹ́míkà díẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi kún tirẹ̀ láti fọ ẹ́ńjìnnì ni ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàárín wọn, àwọn yẹn kì í sì í bá ara wọn jà.

Nọ́ńbà ọ́kítéènì ni kí ẹ máa ṣọ́. Epo méjèèjì yẹn jẹ́ 99. Epo E10 tó wọ́pọ̀ jẹ́ 95. Bí ẹ bá pò wọ́n ní ìdajì-ìdajì, nǹkan bí 97 ni yóò jẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá ń béèrè 98, epo lè máa dá gbiná fúnra rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wá dín agbára kù kí nǹkan má baà bàjẹ́. Agbára tí ẹ torí rẹ̀ ra ọkọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìdérí táǹkì. Ẹni tó ń wakọ̀ kọjá ilé epo mẹ́ta nítorí orúkọ kan ṣoṣo, owó ara rẹ̀ ló ń sun. Dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ó bá ṣèèṣì wọ táǹkì bẹtiróòlù, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rárá.