Olè Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́rin jókòó ní pálọ̀ mi, à ń gbọ́ orin ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò sí ilé iṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Orin ẹ̀fẹ̀ ló máa ń kọ, àwọn tó ń ṣèjọba ló sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orin náà dé ibi tó dùn jù, ló bá pe ọ̀rọ̀ kan. Èmi gbọ́ “olè”. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ “ọ̀lẹ”. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ olè ló pè, àwọn tó jókòó sórí àga ló ń bú. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, àwa ọ̀dọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni. A tẹ orin náà padà bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ọ̀rọ̀ ò yanjú. A wá lọ wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni “ole”. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ẹni tó kéré jù nínú wa bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ jàre. Méjèèjì ló tọ̀nà. Bí orin bá ṣe wọlé sétí kálukú ni kó ṣe gbà á.”

Àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tó ti jáde ní yunifásítì, kò sì tíì ríṣẹ́. Ọ̀lẹ lòun náà gbọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Méjèèjì ò tọ̀nà o. Ẹ sì jẹ́ ká jáwọ́ nínú sísọ pé méjèèjì tọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àṣìgbọ́ orin máa ń dùn. Lọ́dún 1954, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sylvia Wright, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Harper’s. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìyá òun máa ń ka orin àtijọ́ ilẹ̀ Scotland kan fún òun, nípa ìjòyè kan tí wọ́n pa. Ìparí ìlà kan, tó ń sọ ibi tí wọ́n tẹ́ òkú ìjòyè náà sí, bọ́ sí i létí bí orúkọ obìnrin kan, Lady Mondegreen. Ó wá gbà pé ńṣe ni ìyáàfin náà kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjòyè yẹn. Látìgbà náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ ní mondegreen. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti “Louie Louie”, tí ẹgbẹ́ akọrin The Kingsmen gbé jáde lọ́dún 1963. Orin atukọ̀ kan tí àárò olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ò la ẹnu dáadáa, làwọn ènìyàn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rírùn nínú rẹ̀. FBI fi ohun tó lé lọ́dún méjì ṣe ìwádìí, wọ́n ń sáré yí àwo náà, wọ́n ń rọra yí i. Ohun tí wọ́n rí kò ju pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò yé àwọn. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi gan-an nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Ààrẹ Buhari sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ́nù nípa àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jókòó láìṣe nǹkan kan. Kó tó di ọjọ́ kejì, “ọ̀lẹ” ti gba ẹnu gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti ń retí ibi tí wọ́n á tún ti pè é lọ́lẹ. Orin tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ dé, ó sì gbọ́ èébú nínú rẹ̀.

Ibi tí orin ẹ̀fẹ̀ fi yàtọ̀ sí orin ìfẹ́ nìyí. Tẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́ nínú orin ìfẹ́, ìfẹ́ náà ló ṣì máa jẹ́. Orin ẹ̀fẹ̀ ní ẹni tó ń bá wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbé ọ̀bẹ náà dání, tẹ́ ẹ bá ṣi ìyẹn gbọ́, ẹlòmíì lọ̀bẹ ń gún.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí Fẹlá fúnra rẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe méjì?” Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ gbé “I.T.T.” tó gbé jáde lọ́dún 1980 yẹ̀ wò. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan tí M.K.O. Abíọ́lá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Nàìjíríà làwọn lẹ́tà yẹn. Fẹlá gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sọ wọ́n di International Thief Thief. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà nìkan ò rí ẹ̀rín rín. Ẹni tó bá gbọ́ olè nìkan ò mọ olè wo. Méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn ré. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé inú ná! Èyí tó bá sọnù lójú ọ̀nà, odidi kí ló fẹ́ dì?

Tá ló jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olórin. Ohùn ni èdè wa fi ń rìn. Tí orin bá ń gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń di. Àìsàn yìí ti pẹ́: nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Marina l’Ékòó, rí i. Ó kọ orin tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ àwọn olórin wa òde òní ṣì ń já sínú kòtò kan náà, wọ́n á tún da ariwo gìtá bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn baba wa ò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ṣeré bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Kétu, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde kó tó di pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó. Á bú ẹni tó bá yẹ ní bíbú, láìbẹ̀rù ipò. Tó bá dá orin, àwọn elégbè á gbà á, wọ́n á tún un sọ. Èmi tó ń kọ kóòdù jẹun, mo mọ ohun tí ègbè yẹn ń ṣe. Tí kọ̀ǹpútà kan bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí èkejì, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dé pé. Ègbè ni àyẹ̀wò tiwa. Olórin tó dá jókòó sí yàrá pẹ̀lú ẹ̀rọ ò ní elégbè. Nǹkan kan ṣoṣo tó lè rọ́pò rẹ̀ ni kó kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Ó kan àwa oníkọ̀ǹpútà náà, mi ò ní purọ́. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ló ń yọ gbogbo àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀, kó lè rọrùn láti wá. Èmi náà ti kọ ọ́ rí fún oníbàárà kan, mo sì gbowó iṣẹ́ mi. Tí “olè” àti “ọ̀lẹ” bá ti di “ole”, kò sí kóòdù tó máa yà wọ́n padà. Ó dà bí ata àti tòmátò tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé fóònù yín ò lè kọ ọ́. Gboard ní Yorùbá nínú, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Olórin, kọ ọ̀rọ̀ orin rẹ sílẹ̀ kó pé. Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, kẹ́ ẹ tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó sọ. Ẹni tó ní “bó bá ṣe wọlé sétí kálukú”, olè tí orin ń lé ló ń bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olórin yẹn. Ó dáhùn lọ́jọ́ kẹta: “Olè ni o, ẹ̀gbọ́n. Ta ló gbọ́ nǹkan míì?” Mo gbé e han àbúrò mi. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: “Ṣé ó ti wá lọ tún un kọ síbẹ̀?”

Mo wò ó láàárọ̀ yìí. “Ole” ló ṣì wà níbẹ̀.