ILÉ TÍ A KÒ TÍÌ TÀ, ILÉ TÍ A KÒ TÍÌ KỌ́

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà wa ń tẹnu mọ́ ní gbogbo ìpàdé: "Ó tó gẹ́ẹ́, a fẹ́ máa lọ sílé." A kò bá wọn jiyàn, nítorí àwọn bàbá wa ni wọ́n wí pé àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Láti ọdún 1911 tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kano ni àwọn ènìyàn wa ti ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ́ ilé síhìn-ín kí ó tó ní yàrá kan ṣoṣo ní ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà lónìí. Ẹni tí gbogbo owó ayé rẹ̀ wà nínú ilé kan ní Sabon Gari, tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì fẹ́ kọ́lé sí Ọ̀fà, níbo ni yóò ti rí owó nígbà tí ẹni tí yóò ra ti Kano kò tíì dé?

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa gbà wá láyè kí a sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, oníbàárà kan wá wo ilé rẹ̀, dìlálì sì fọwọ́ sọ̀yà pé kí oṣù mẹ́ta tó pé owó yóò ti délẹ̀. Bàbá yìí kò fẹ́ dúró. Ó yá owó èlé, ó fi ìwé ilé Kano dógò, ó sì ní kí àwọn bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ délẹ̀, ògiri gòkè dé ojú fèrèsé. Ìgbà náà ni oníbàárà ní kí agbẹjọ́rò òun yẹ ìwé wò, tí a sì rí i pé orúkọ ẹni tí ó ta ilé náà fún bàbá wa ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ó ṣì wà lórí rẹ̀. Onítọ̀hún ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Oníbàárà gba ibòmíràn lọ. Ó tó ọdún méjì kí òmíràn tó dé, èlé sì ti jẹ ilé náà dé àárín. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbèsè kò tó ra páànù òrùlé.

A kò sọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Òun ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wa bí a ti ń tajà. Ohun tí ó ṣì í lọ́nà ni pé gbèsè ní ọjọ́, ṣùgbọ́n títà ilé kò ní ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn bá yá ₦5,000,000 ní èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦150,000 ni èlé oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ọdún méjì bá kọjá kí ilé tó tà, ₦3,600,000 ti lọ, ojú owó tí ó yá kò sì tíì dín kọ́bọ̀.

Ilé kì í sì í yá tà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 wí pé ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi í dógò, láìgba àṣẹ gómìnà. Ìwé tí mai unguwa àti àwọn ẹlẹ́rìí bá tẹ̀ka sí kò rọ́pò àṣẹ yìí. Ẹni tí kò bá tún ìwé rẹ̀ ṣe nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ọjọ́ tí ó ń kánjú ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò gbàgbé November ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n fi kúrò. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ta ilé àti ọjà wọn nínú ìkánjú yẹn mọ iye tí wọ́n gbà. A kò wí pé irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, orílẹ̀-èdè wa ni a wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbèsè ń lé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tí yóò ra ilé rẹ̀ á mọ̀, iye tí ó bá sì wù ú ni yóò pè.

Ní tiwa, a fẹ́ kí ilé abúlé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó ṣì ń wọlé, kí ó sì kéré. Yàrá méjì, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti kànga ti tó tọkọtaya àgbà, bí ilẹ̀ bá ti fẹ̀ tó láti fi kún un lẹ́yìn. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará ilé yóò fi mọ̀ pé a ti Kano dé lè dúró de owó ilé Kano. Títí ìgbà náà, kí owó ilé tí àwọn ayálégbé wa ń san máa ra símẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ̀yin náà sì máa lọ fi ojú yín wo iṣẹ́ náà. A ti rí ilé tí ó parí lórí fóònù, tí koríko sì ń hù lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, kí ó mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 kò jẹ́ kí a kó gbogbo owó fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gbogbo rẹ̀ ṣírò ilé. Ètò ọdún 2022 tí ó gbà kí a fi 25% owó náà ṣe ìdá àkọ́san nígbà tí a bá ń yá owó ilé, àwọn tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni ó wà fún. Àwọn tí a sì ń yọ 2.5% owó oṣù wọn sí àpò owó ilé ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ òfin ọdún 1992, kí wọ́n béèrè owó wọn padà nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣòwò kò sí nínú ètò wọ̀nyí. Àjọ, èésú àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwa ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ bi ìyàwó yín. Obìnrin tí ó ti ní ìsọ̀ ní ọjà Sabon Gari fún ọgbọ̀n ọdún, owó rẹ̀ wà nínú ilé tí ẹ fẹ́ tà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wà níhìn-ín. Ìyá kan wí fún wa pé, "Bàbá wọn ní kí á máa lọ sílé. Ìlú tirẹ̀ nìyẹn o, èmi kò mọ ẹnì kan níbẹ̀." Ilé tí a bá kọ́ láìbi í ni yóò di ilé tí bàbá nìkan ń gbé.

Ní ìpàdé gbogbogbòò oṣù tí ń bọ̀, a ó ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwé ilé. Agbẹjọ́rò kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ti gbà láti yẹ̀ wọ́n wò láìgba owó. Ẹni tí orúkọ ẹlòmíràn bá ṣì wà lórí ìwé rẹ̀, kí ó tètè dé. Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ mú wá o. Kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí yín.