Ẹ Yé Fi Ìwé Ìbéèrè Wọn Ọkàn Òṣìṣẹ́

Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀gá wa pín ìwé ìbéèrè fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni pé: “Ǹjẹ́ inú yín dùn láti bá ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà yín ṣiṣẹ́?” Wọ́n ní kí a kọ orúkọ wa sókè ìwé. Ta ni yóò kọ orúkọ sókè tán tí yóò wá kọ “Rárá” sísàlẹ̀? Gbogbo wa la máàkì “Bẹ́ẹ̀ ni”. Ọ̀gá ní òun ti rí i pé ìfẹ́ wà láàárín wa.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọ Ìlàjẹ kan tó wá láti Ògùn Waterside ló tún ń ṣe iṣẹ́ òru. Òun ló máa ń ṣe é. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá lé e lórí. “Ará omi” la máa ń pè é, a ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwé ọ̀gá kò tilẹ̀ rí i, torí Yorùbá bíi tiwa ni.

Ẹnu àti ọwọ́ kì í sábà bára mu. Láti 1930, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Richard LaPiere, bá tọkọtaya ará Ṣáínà rìnrìn àjò. Ilé ìtura àti ilé oúnjẹ tí wọ́n yà sí lé ní 200. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lé wọn. Nígbà tó kọ̀wé sí ibẹ̀ lẹ́yìn náà láti béèrè bóyá wọ́n ń gba ará Ṣáínà, ó lé ní 90 nínú 100 àwọn tó fèsì tó ní àwọn kì í gbà wọ́n. Tiwọn, ẹnu ló burú. Tiwa, ọwọ́ ni.

Ẹnì kan á ní, bí a kò bá béèrè, báwo la ó ṣe mọ̀? Ẹ kà á! Òfin 2018 nípa àwọn akanda ẹ̀dá ní kí wọ́n tó 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Kò béèrè bóyá a fẹ́ràn wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè wá ṣèwádìí lọ́dọ̀ wa, kó kọ́kọ́ gba ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn aṣiṣẹ́ òru sí. Kó wo ẹni tó gba ìgbéga, àti iye ọdún tó fi dúró. Lẹ́yìn náà, kó pe ọmọ Ìlàjẹ yẹn sẹ́yìn ilé, níbi tí ọ̀gá kò sí, kó bi í léèrè. Bó bá fẹ́ dárúkọ èmi náà, kó dá a.